Ẹsẹ̀ Ọ̀pípí

Àárín àpáta méjì lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Ìkèrèkú
ni ẹsẹ̀ rẹ̀ há sí lóru òjò.
Kò ké. Ojúmọ́ ni mo tó rí i,
ìyẹ́ díẹ̀ tó ní ti lẹ̀ mọ́ ọn lára,
eegun yọ síta, funfun bí ẹyọ ìrẹsì.

"Pa á kó tó rù," Ìyá Fẹ̀hìntọlá ló ń sọ̀rọ̀ lórí ògiri,
"ata wà nílé mi, àlùbọ́sà wà."
Dókítà ẹran ní Ìta-Òṣìn wo adìyẹ, ó wò mí,
ó ní owó abẹ́rẹ́ yóò ju owó adìyẹ lọ,
ẹ ò ṣe kúkú ra òmíràn?
Mo ní, ẹ ṣáà fún un lábẹ́rẹ́.

Wọ́n ní adìyẹ tó bá dé ìlú tuntun,
ẹsẹ̀ kan ní í fi í dúró.
Èyí kì í ṣe àlejò.
Abẹ́ àkàsọ̀ yìí ni ìyá rẹ̀ pamọ sí.

Fìjàbí, ọmọ àbúrò mi, dì í mú,
ó fi súẹ́tà iléèwé rẹ̀ bò ó lójú, adìyẹ rọ̀.
Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́: mo fọ ọgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta,
mo ṣa iyanrìn kúrò ní hóró kọ̀ọ̀kan,
mo fa ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí eegun fi wọlé.
Ẹ má bi mí bóyá ọwọ́ mi gbọ̀n.
Mo gé ọwọ́ ìgbálẹ̀ mẹ́fà dọ́gbadọ́gba, mo tò wọ́n yí i ká,
òwú lábẹ́, etí àdìrẹ àtijọ́ lókè,
kò le jù, kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn.

"Ta ló kọ́ yín?" Fìjàbí bèèrè.
Mi ò dá a lóhùn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí
nígbà tí bàbá mi já bọ́ látorí wágọ́nù ní Lafẹ́nwá,
tí àpò sìmẹ́ńtì tẹ̀lé e.
Bàbá Ṣówándé teegunteegun wá,
ó ní kí wọ́n mú adìyẹ kan wá,
èmi ni wọ́n ní kí n di ìyẹ́ rẹ̀ mú.
Ó ṣẹ́ ẹ. Ó dún pá, bí igi ìṣáná.
Ó di ẹsẹ̀ adìyẹ, ó di ẹsẹ̀ bàbá,
ewé kan náà, okùn kan náà,
ó ní, "Ọjọ́ tí èyí bá tẹlẹ̀, ìyẹn náà á tẹlẹ̀."
Èmi ni mò ń bọ́ ọ. Mo máa ń yọjú sí i lóru.
Nígbà tó yá, adìyẹ tẹlẹ̀.
Bàbá di ọ̀pá mú, ó dìde, ilé kún fún ọpẹ́,
wọ́n sì pa adìyẹ náà.
Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ọmọdé.
Eyín mi kan kókó níbi tí eegun ti so,
mo sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni Ọ̀pípí lò lábẹ́ apẹ̀rẹ̀.
Fìjàbí ń wa ìkán fún un,
mo ń rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́.
Lọ́jọ́ kẹfà ọgbẹ́ rùn; mo sunkún díẹ̀, mo tún un fọ̀.
Lọ́jọ́ kọkànlá, èépá dúdú bò ó,
Ìyá Fẹ̀hìntọlá kò dárúkọ ata mọ́,
eèrí ló bù wá.

Òwúrọ̀ Sátidé ni mo tú igi ìgbálẹ̀.
Ẹsẹ̀ náà wọ́. Kókó kan wà lára rẹ̀,
kò ní gún mọ́ láéláé.
Ó wò ó bí ẹni ń wo bàtà ẹlòmíràn,
ó sì gbé e.

Ọdún kejìlá rèé tí bàbá mi ti kú.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo wà lórí ibùsùn,
mo gbọ́ ọ lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé:
tà. Ó dúró. Tàtà.
Tà. Ó dúró. Tàtà.
Ìrìn rẹ̀ gan-an, èyí tó fi ń lọ ṣílẹ̀kùn lówùúrọ̀.
Mo ti dìde, mo ti fi eékún kan kúnlẹ̀,
"Ẹ káà" ti wà lẹ́nu mi,
kí n tó rántí.